Ọwọ́ Ta Ni Èrè Ẹ̀rọ Tuntun Ń Bọ́ Sí?

  

Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí fi lé mi lọ́wọ́ pọ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe ń yí iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ iléeṣẹ́ padà, bí ó ṣe ń yí ìlò epo, iná àti omi padà nínú ilé, àti bí ó ṣe ń yí òwò àwọn ará oko padà. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, ìrun Alásàrí yóò bá wa lórí ìjókòó. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a dì mú: nígbà tí ẹ̀rọ tuntun bá wọ àárín ìlú, ọwọ́ ta ni èrè rẹ̀ ń bọ́ sí? Mo ti gbọ́ ìdáhùn méjì sí i. Àwọn àgbàlagbà kan ní ẹ̀rọ wọ̀nyí kò lérè kankan nínú, àmì òpin ayé lásán ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ní ẹni tó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òṣì. N kò rò pé èyíkéyìí nínú wọn ti jókòó sí ọjà oko fún ọjọ́ kan ṣoṣo kí ó wo bí owó ṣe ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti kà ní ilé kéú, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà wo ìdí rẹ̀. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún àwọn oníṣòwò ìlú láti máa jáde lọ pàdé àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ láti ìgbèríko kí wọ́n tó dé inú ọjà. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba hàdíìsì náà wá. Nínú èyí tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, wọ́n fún ẹni tí wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ kan: bí ó bá dé ọjà tí ó sì rí iye tí irú ẹrù rẹ̀ ń lọ, ó lè fọwọ́ sí títà náà, ó sì lè tú u ká. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó lọ pàdé wọn? Kò jalè. Kò fi ipá gba ẹrù. Ó sanwó, ẹni tó ń tà sì fi ẹ̀rín gbà á. Ṣùgbọ́n òun mọ iye tí ọjà ń lọ, ẹni tó ń tà kò mọ̀ ọ́n. Ó ra ẹrù, ó sì ra àìmọ̀ olówó ẹrù mọ́ ọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gbó títí di òní. Ẹ wo alájàpá tó gbé ọkọ̀ lọ sí abúlé ní ìdájí, tó dúró ní oríta kí àwọn obìnrin tó gbé ata, tòmátì àti gààrí wọn dé ọjà ọrọọrún. N kò sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo alájàpá o. Bí kò bá sí wọn, irè oko púpọ̀ ni ìbá jẹrà sóko. Àwọn ni wọ́n ń gba ọ̀nà tí kò dára kọjá, àwọn ni táyà ń bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lóru, àwọn ni wọ́n sì ń fún àwọn tó dá igi sójú ọ̀nà ní owó tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Èrè tó bá ti inú wàhálà ẹsẹ̀ wọn wá, ẹ̀tọ́ wọn ni. Èyí tó bá ti inú òkùnkùn ẹni tó ń tà wá ni òfin náà ń bá wí.

Ó ti pẹ́ tí òkùnkùn yìí ti wà. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀ rárá, inú ìlú ńláńlá ni ó sì pọ̀ sí. Ẹni tó wà ní Ṣakí tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta gààrí ní Èkó, awakọ̀ ni yóò bẹ̀ níṣẹ́. Kí awakọ̀ náà tó padà dé, ọjà ti yí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níjòókòó yìí kò mọ ìgbà náà, kò sì yà mí lẹ́nu pé ẹ kò mọ rírì ohun tó wà nínú àpò yín.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun Kerala, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà. Mo mú ti ibẹ̀ wá nítorí pé onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Robert Jensen, tọpa rẹ̀ fún ọdún bíi márùn-ún, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ẹja sàdíìnì ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pa. Ọjà ẹja wà káàkiri etí omi, ọ̀kan kò jìnnà sí èkejì, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń ná an, kì í sì í ju wákàtí mélòó kan lọ. Apẹja tó wà lójú omi kò lè mọ ọjà tí ẹja ti kún àkúnya, kò lè mọ èyí tí ẹja ti wọ́n. Nítorí náà, kálukú a máa gbé ẹja rẹ̀ padà sí etíkun ìlú tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1997, ní etíkun Badagara, apẹja 11 kò rí ẹni ra ẹja wọn, wọ́n sì dà á nù. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ní àwọn ọjà tí kò ju kìlómítà 15 lọ sí ibẹ̀, olùrà 27 ló wà tí wọ́n ń wá ẹja rà tí wọn kò rí. Ẹja wà, owó wà, ohun tí yóò mú wọn pàdé ni kò sí.

Láàárín ọdún 1997 sí 2001, wọ́n ri òpó fóònù mọ́ etíkun náà ní ẹsẹẹsẹ, agbára rẹ̀ sì ń dé ojú òkun ní nǹkan bí kìlómítà 20 sí 25. Kò pẹ́ tí àwọn apẹja fi ń ti inú ọkọ̀ ojú omi pe ọjà mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n tó yí orí ọkọ̀ sí ibi tí owó wà. Ṣáájú fóònù, bí ẹja 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń dà nù. Lẹ́yìn rẹ̀, dídànù náà dópin. Èrè apẹja fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Iye tí àwọn ará ìlú ń ra ẹja sì fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: ẹni tó tà jèrè, ẹni tó rà náà jèrè, kò sì sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ láàárín wọn. Inú ẹja tí ń jẹrà tẹ́lẹ̀ ni èrè àwọn méjèèjì ti jáde, àti inú kí ẹja máa dé ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ǹ bá ní kí kálukú lọ ra fóònù fún ìyá rẹ̀ lóko, kí a sì túká. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilé díẹ̀, kí a dé orílẹ̀-èdè Niger tó bá wa pààlà ní àríwá, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa. Láàárín ọdún 2001 sí 2006 ni fóònù alágbèéká tàn dé ọ̀pọ̀ ọjà ọkà ibẹ̀. Arábìnrin Jenny Aker, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, wádìí rẹ̀. Ó rí i pé ìyàtọ̀ tó ń wà láàárín iye tí wọ́n ń ta jéró, ọkà tí àwọn Hausa fi ń ṣe fùrá, láti ọjà kan sí òmíràn fi ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Àwọn oníṣòwò ọkà ń fi fóònù wádìí ọjà tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì ń kó ọkà lọ síbi tí ó ti wọ́n. Ìyẹn dára, pàápàá ní ilẹ̀ tí ọ̀dá máa ń dá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Marcel Fafchamps, wá wo ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, wọ́n rí i pé lápapọ̀, owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí irè oko rẹ̀ kò tìtorí fóònù lọ sókè.

Ẹ̀rọ kan náà ni o. Kí ló dé tí ó fi sọ apẹja Kerala di ọlọ́lá díẹ̀, tí àgbẹ̀ Niger sì wà níbi tí ó wà? Ohun tí èmi rí nínú rẹ̀ nìyí. Apẹja ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀, orí omi sì ni ó wà nígbà tí ìròyìn dé bá a. Bí wọ́n bá ní ọjà kan dára, yíyí ni yóò yí orí ọkọ̀ padà. Àgbẹ̀ tó ní àpò ọkà méjì kò ní ọkọ̀. Owó ọkọ̀ lè jẹ gbogbo ohun tí yóò fi lé e. Ó sì lè jẹ́ pé oníṣòwò tó fẹ́ rà á ni ó yá a lówó ní àkókò ìgbìn. Àgbẹ̀ gbọ́ ìròyìn, ẹsẹ̀ tí yóò fi tẹ̀lé e ni kò ní.

Ẹ mú èyí padà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ìyá tó ń gbin tòmátì mọ iye tí wọ́n ń ta apẹ̀rẹ̀ kan ní Mílé 12, nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó ti pè é láàárọ̀. Alájàpá tó dúró níwájú rẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n alájàpá náà tún mọ̀ pé kò ní ọkọ̀, pé oòrùn ń ràn, pé tí ó bá di ọ̀la tòmátì náà yóò máa somi. Ìyá náà a na ọjà dé ibi tó lè ná an dé, lẹ́yìn náà a gbà. Fóònù ti la ojú rẹ̀, kò tíì tú okùn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń tú okùn ni èyí tó bá lè fún un ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ní Òwerrì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nnaemeka Ikegwuonu dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ColdHubs. Yàrá tútù ni wọ́n ń kọ́ sí inú ọjà àti ẹ̀gbẹ́ oko, oòrùn ni ó sì ń mú un ṣiṣẹ́, kò nílò epo. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti sọ, ẹ̀fọ́ àti èso tí kì í ju ọjọ́ méjì lọ lè lo tó ọjọ́ 21 nínú rẹ̀. Ibi tí ó wù mí jù ni ọ̀nà ìsanwó rẹ̀. Wọn kò ní kí àgbẹ̀ wá ra ẹ̀rọ. Níbẹ̀rẹ̀, 100 náírà ni wọ́n ń gbà lórí kéréètì kan fún ọjọ́ kan. Owó náà ti gòkè láti ìgbà náà, bí gbogbo nǹkan ṣe gòkè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yí: ìyá tó ní kéréètì mẹ́ta péré lè sọ fún alájàpá pé, “Bí o kò bá san iye tí ọjà ń lọ, ó dọ̀la.” Ọ̀rọ̀ “ó dọ̀la” yìí, ẹni tí tòmátì rẹ̀ ń jẹrà kò lè sọ ọ́.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, gààrí tó fún wa ní àpẹẹrẹ. Nàìjíríà ni ó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó máa bàjẹ́, nítorí náà ẹ̀bá oko ni a ti ń sọ ọ́ di gààrí. Kí ẹ̀rọ tó dé, páànù tí a fi ìṣó lu ihò sí lára ni àwọn ìyá wa fi ń rin ín, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń jáde ní ìka wọn. Ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ gba ìyà yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn, kí Ọlọ́hun san ẹni tó gbé e wá lẹ́san. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí lónìí. Bíbó ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin àti ọ̀bẹ. Yíyan rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ obìnrin àti èéfín. Nígbà tí rírin ti yá, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó ti di ìlọ́po, èéfín tí wọ́n ń fà símú náà ti di ìlọ́po. Ta ni ó ni ẹ̀rọ? Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti lọ ṣe wáàsí, ọkùnrin kan tó rí owó kójọ ni, orí abọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ó ti ń gba owó. Kò ṣe ohun tó burú, òun ni ó ra ẹ̀rọ, òun ni ó ń ra epo. Síbẹ̀, bí epo bá wọ́n, orí àwọn obìnrin ni yóò gbé e lé. Bí gààrí bá wọ́n, kò ní bá wọn pín ohunkóhun tó kù fún wọn.

Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn arábìnrin wa pé kí wọ́n má ṣe fi àjọ mọ sórí aṣọ ẹbí àti ìnáwó ìsọmọlórúkọ. Obìnrin 15 tó ń dá àjọ lè ra ẹ̀rọ kan láàárín ọdún mélòó kan láìyá owó èlé. Bí ẹ̀rọ bá di tiwọn, owó orí abọ́ padà sápò àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ kò yí padà, ẹni tó ni ín ló yí. Mo tún rò pé adógán tó ní òpó èéfín, tí yóò gbé èéfín gba òkè lọ, yẹ kí ó ṣáájú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń dáwó fún ní abúlé, ṣùgbọ́n ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Ohun kan péré ni mo fẹ́ mú níbẹ̀, nítorí ó kan ilé wa. Ní ọdún 1769, James Watt gba àṣẹ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àtúnṣe tí ó ṣe sí ẹ̀rọ tí ooru omi ń tì. Èédú tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ kéré gan-an sí ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé èédú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sun yóò dínkù. Ó pọ̀ sí i ni. Ní ọdún 1865, William Stanley Jevons kọ ìwé láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: nígbà tí èédú díẹ̀ bá lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀, iṣẹ́ tí kò jẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe tẹ́lẹ̀ a di ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ lọ wo gílóòbù ilé yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn tó wà ní Band A yóò máa san 225 náírà lórí yúníìtì iná kan, dípò 68 náírà. Gílóòbù àtijọ́ oní-wáàtì 60, bí a bá tan án fún wákàtí 10 lálẹ́, ó jẹ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá yúníìtì. Ní iye tí wọ́n kéde yẹn, 135 náírà nìyẹn lálẹ́ kan, 4,050 náírà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Gílóòbù LED oní-wáàtì 9 tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tirẹ̀ yóò jẹ nǹkan bí 20 náírà lálẹ́, kò ní ju 610 náírà lọ lóṣù. Èrè ńlá ni. Ṣùgbọ́n ilé tó ń tan gílóòbù mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti so méjìlá mọ́ ara ògiri báyìí, wọ́n sì ń tàn mọ́jú nítorí pé “LED ni, kì í jẹ iná.” Ó ń jẹ iná. Díẹ̀díẹ̀ lórí méjìlá kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn mítà tí a ń fi káàdì sí, láìka wàhálà rẹ̀ sí. Ọmọ tó rí i tí nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ aṣọ ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ kò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé bílì ojú-ni-a-fi-wọ̀n-ọ́n wá.

Omi náà ń kọ́? Kí a tó ní ẹ̀rọ tí ń fa omi sókè, a máa ń pọn ọ́n ni, ọrùn ẹni sì ń sọ fún un pé kí ó má fi ṣòfò. Lónìí ẹ̀rọ ń fà á, a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ nígbà àlùwàlá, à ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n múddù kan, èyí tí kò tó lítà kan, ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) máa ń fi ṣe àlùwàlá. Ẹ bá mi wọn ti mọ́sáláṣí wa ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí kò tó 200 náírà lítà kan di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́, tí sólà sì ń pọ̀ lórí òrùlé. Ẹni tó ra sólà ti ra iná ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ sì dín ju ti epo lọ bí a bá ṣírò rẹ̀. Ta ni ó lè san owó ọdún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Ayálégbé tó ń gbé yàrá kan kò ní òrùlé tí yóò gbé e sí, kò sì ní owó gọbọi lọ́wọ́. Òun ni yóò máa ra epo nínú ike, tí yóò máa san owó láti fi iná sí fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá wò ó dáadáa, òtòṣì ni ó ń ra iná tó wọ́n jù lọ ní àdúgbò. Mọ́sáláṣí tó bá ti ní sólà, kí ló ní kí wọ́n má gbé tábìlì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín Àìlà sí Alásàrí, kí àwọn aládùúgbò, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, máa fi iná sí fóònù wọn lọ́fẹ̀ẹ́? Àkókò yẹn gan-an ni oòrùn ń pèsè ju ohun tí a ń lò lọ.

Àwọn kan fẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ P.O.S. Èrè rẹ̀ fún ará oko hàn gbangba: kò ní láti wọkọ̀ lọ sí ìlú tó ní báǹkì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí owó tútù sì wọ́n bí ojú, kí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, 2,000 náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba 10,000 náírà tirẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè nígbà náà bóyá ó bá òfin mu. Ohun tí mo sọ ni mo tún ń sọ: owó iṣẹ́ tí a dá lé ìnáwó tí a mọ̀, ìyẹn ohun tí báǹkì ń yọ, ìrìn àjò lọ gba owó, ìjókòó ẹni, kò sí ohun tó ṣe é, kódà bí ìnáwó náà bá gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò gòkè, tó wulẹ̀ rí i pé ìyá kan fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn tí kò sì ní ọ̀nà mìíràn, tó wá ta náírà fún un ní náírà, kí ó má pe ìyẹn ní owó iṣẹ́ níwájú mi.

Ó ku ohun tó kan ẹ̀yin tí ẹ ní òbí lóko. Òfin tó kọ ìpàdé-lọ́nà yẹn ní ìkejì tó máa ń bá a rìn: kí ará ìlú má ṣe bá ará oko ta ọjà. Ibn Abbas ṣàlàyé rẹ̀ pé kí ó má ṣe sọ ara rẹ̀ di alágbàtà fún un. Ọ̀dọ́ kan bi mí pé, ṣé bí òun bá ń fi fóònù wá olùrà fún ìyá òun, òun kò ti ṣẹ̀ sí èyí? Bukhari ya orí ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ lórí ẹni tó bá ará oko tà láìgba ọ̀yà àti ẹni tó gbà á nímọ̀ràn, ó sì so ó mọ́ ìmọ̀ràn rere tó jẹ́ ẹ̀tọ́ láàárín Mùsùlùmí. Nítorí náà, má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Pè é ní alẹ́ tí ọjà ku ọ̀la, sọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà tàbí ní Mílé 12 fún un, kí o sì fi owó ọkọ̀ kún un, nítorí iye ọjà láìsí iye owó ọkọ̀ lórí rẹ̀ ń tan ènìyàn jẹ. Bí ìyá mẹ́fà bá wà ní abúlé kan náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa owó pọ̀ gba ọkọ̀ kan.

Ẹ má sì gbàgbé òṣùwọ̀n. Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú fún títà, àti èyí tí wọ́n lù yọ síta fún rírà. Òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń fi àpò kọ́ kò wọ́n rárá báyìí. Ọ̀kan tó fún abúlé kan. Kí ó wà lọ́dọ̀ Lèmọ́mù abúlé tàbí Ìyá Àdínnì, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà tàbí tó fẹ́ tà máa wá lò ó láìsanwó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ní ìwé lọ́wọ́ níbẹ̀ yẹn. Kí ẹni tí abúlé rẹ̀ kò tíì ní i lọ kọ orúkọ abúlé náà sílẹ̀, kí a lè mọ iye tí a ó rà. Mo ti rí ọwọ́ lókè níbi tí àwọn arábìnrin wa jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìbéèrè wọn.